Òkú méjì níwájú ilé kan náà, ọ̀kan ti di eegun, ojú èkejì ṣì ṣeé dá mọ̀. Kí ló fà á?

Ọmọ_Ọ̀dàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ da ẹbí wa rú, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó bá mi dá sí i. Gọ́fúmẹ́ǹtì ń fẹ títì àdúgbò wa, sàréè méjì tó wà níwájú ilé bọ́ sínú ibi tí wọ́n fẹ́ gbà, la bá pinnu pé ká kó wọn lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà la kọ́kọ́ hú. Mùsùlùmí ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n fi sin wọ́n, kò sí pósí kò sí sìmẹ́ǹtì, eegun la bá, àwọn eegun kéékèèké ò tiẹ̀ sí mọ́, la bá kó èyí tó kù sínú aṣọ tuntun, ó parí. Àfi ìgbà tó kan ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kírísítẹ́nì làwọn yẹn, wọ́n pẹ́ ní mọ́ṣúárì kí wọ́n tó sin wọ́n torí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ò tètè dé, pósí olówó ńlá, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì mọ inú sàréè yípo, táìlì lókè. Ọdún tí wọ́n sin àwọn méjèèjì ò sì jìnnà síra rárá o. Wọ́n ṣí pósí báyìí, omi ló kún ìdajì ẹ̀, bàbá wà níbẹ̀, ojú wọn ṣì ṣeé dá mọ̀, kóòtù tí wọ́n wọ̀ fún wọn ṣì wà lọ́rùn wọn, ara wọn wá funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n sá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ní ẹni Ọlọ́run ni bàbá àwọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹrà. Àwọn tó ti ń bá bàbá fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí tipẹ́ ní rárá o, ilẹ̀ ló kọ̀ wọ́n, pé wọ́n dalẹ̀ nígbà ayé wọn. Ẹnì kan ti ń dá owó ètùtù kiri. Ẹlòmíì ní ká ra láìmù, pàúdà funfun táwọn bírìkìlà ń lò yẹn, ká dà á lé e kó lè yára tán. Mo wá gbọ́ pé àwọn òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sin òkú sí oríṣiríṣi sàréè kí wọ́n sì máa hú u wò, ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n rí?

Jagunlabí:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé omi kún pósí. Mo ti gbé e kúrò nílẹ̀. Mo jókòó síbí, mò ń retí àwọn tó mọ̀wé.

Dókítà_Eegun:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí wọ́n dá owó ètùtù yẹn dúró ná. Iṣẹ́ eegun ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan tí mi ò lè tọ́ka sí ohun tó fà á, ìwà bàbá ò sì sí níbẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni William Rodriguez àti ọ̀gá ẹ̀ William Bass ní Yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú òkú èèyàn 6 tí wọn ò fi kẹ́míkà kankan sí lára, wọ́n sin wọ́n sínú ilẹ̀ lásán láìsí pósí, sàréè kan jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, òmíì 2, òmíì 4, wọ́n wá ń hú wọn wò, òmíì lẹ́yìn oṣù kan, òmíì títí di ọdún kan. 1985 ni wọ́n tẹ àbájáde ẹ̀ jáde. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé bí sàréè bá ṣe jìn tó ni òkú inú ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ooru ọ̀sán ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kòkòrò ṣì ń rọ́nà wọlé, ẹranko lè gbóòórùn ẹ̀ kó wá tú u. Èyí tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ibẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ò tó, eṣinṣin ò fi bẹ́ẹ̀ lè débẹ̀ láti yé ẹyin sí i. Ẹ rántí pé ìdin ló ń jẹ òkú jù. Ẹ gba ìdin kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ ti fà sẹ́yìn nìyẹn, ó ku àwọn bakitéríà inú ìfun ẹni náà fúnra ẹ̀. Kódà ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti fura sí i, Casper tó jẹ́ ará Jámánì ti sọ ọ́ láyé ijọ́un pé ohun tí ọ̀sẹ̀ 1 bá ṣe fún òkú tó wà níta, nínú omi ọ̀sẹ̀ 2 ni, nínú ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ 8. Ìṣirò àfojúdá ni, kì í rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, àmọ́ ó sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí irú ilẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ tó ní yanrìn, omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ amọ̀, omi tó bá ti wọ̀ ọ́ ò jáde mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n sin ẹlẹ́dẹ̀ sínú amọ̀ líle láti fi wo bó ṣe máa rí (ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń lò níbi tí òfin ò bá ti jẹ́ kí wọ́n lo èèyàn, torí awọ ẹ̀, ọ̀rá ẹ̀ àti ohun tó ń jẹ jọ tiwa), nígbà tí wọ́n hú u lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ṣì wà bí ẹní sin ín láìpẹ́. Nǹkan tẹ́ ẹ rí lára bàbá, tó funfun tó ń yọ̀ yẹn, ọ̀rá ara ló ti di ọṣẹ. Mi ò fi ṣàpèjúwe o, ọṣẹ gan-an ni, àwọn bakitéríà tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fọ́ ọ̀rá, omi ń bẹ níbẹ̀, àwọn nǹkan bíi kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú ilẹ̀ àti lára òkú á wá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó di líle. Adipocere lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀ tán, kòkòrò kì í fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí wọ́n ń kó òkú kúrò ní ibojì Innocents ní Paris ní 1786 sí 1787, àwọn sàréè àjùmọ̀lò ńlá tí wọ́n ti kó òkú lé orí ara wọn ni wọ́n ti rí i rẹpẹtẹ, ibẹ̀ ni Fourcroy, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fún un lórúkọ. Ní Jámánì títí dòní, wọ́n máa ń fi sàréè háyà fún ẹbí fún bí 20 sí 25 ọdún, kí wọ́n tó wá lo ilẹ̀ náà fún ẹlòmíì, àmọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ amọ̀ tí omi ń rọ̀gún sí, tí wọ́n bá wú u, wọ́n á bá òkú níbẹ̀ tí ò tíì lọ. Ìṣòro gidi ni fún àwọn tó ń bójú tó ibojì. Ṣé gbogbo àwọn ará Jámánì yẹn náà dalẹ̀ ni?

Ti ìyá àgbà náà yé mi. Kò sí pósí, kò sí sìmẹ́ǹtì, aṣọ òwú ni, ilẹ̀ pupa, ikán, gbòǹgbò igi, òjò ń wọlé ó ń kọjá. Ilẹ̀ pupa tiwa sì máa ń ní ásíìdì, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ eegun, àwọn kéékèèké ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣàwárí Sutton Hoo lórí Google, ibi sàréè àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yanrìn ibẹ̀ ní ásíìdì débi pé eegun ò ṣẹ́ kù nínú ọ̀pọ̀ sàréè, àwòrán èèyàn tó dúdú nínú yanrìn lásán ló kù. Ásíìdì kan náà yẹn, tó bá jẹ́ inú irà ló wà, bíi tàwọn irà Denmark, á jẹ eegun á sì tọ́jú awọ. Wọ́n hú ọkùnrin kan ní Tollund ní 1950, irùngbọ̀n ṣì wà lágbọ̀n ẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tó ti kú. Àwọn tó hú u kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni, ọlọ́pàá ni wọ́n pè.

Àǹtí_Tẹ́nẹ́sì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Knoxville, ìlú tí Yunifásítì Tennessee yẹn wà, ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí níbí, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ibi tí Bass àwọn ti ń sin òkú wò yẹn, ẹ̀yìn ọsibítù yunifásítì ló wà, igbó ni, wọ́n fi fẹ́ǹsì yí i ká pẹ̀lú wáyà tó ní abẹ lókè, èèyàn ò lè rí inú ẹ̀ láti ìta. Oko òkú ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé irú ọ̀rọ̀ tó wà nílé ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ọ̀dàn yìí gan-an wà lára ohun tó bí i.

Oṣù December 1977, ní ìlú Franklin níbí, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti wú sàréè àtijọ́ kan, òkú kan wà níbẹ̀ tí ò ní orí, ó wọ kóòtù dúdú, ẹran ara ẹ̀ ṣì pupa. Ọlọ́pàá rò pé apànìyàn kan ló wá fi òkú pamọ́ sínú sàréè onísàréè. Wọ́n pe Bass, òun ni wọ́n gbà pé ó mọ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó wò ó, ó ní ẹni yìí ò tíì pé ọdún kan tó kú. Ẹ gbọ́ ná, nígbà tí wọ́n wádìí aṣọ, bàtà àti eyín ẹ̀, ẹni tó ni sàréè náà gan-an ni, ọ̀gágun William Shy, tó kú lójú ogun Nashville, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní December 1864! Ọdún 113 ni Bass fi ṣì í. Wọ́n ti fi kẹ́míkà sí i lára, wọ́n wá gbé e sínú pósí irin tí wọ́n dí pa, afẹ́fẹ́ ò wọlé, omi ò wọlé, àfìgbà tí àwọn olè wá dá ihò sí i. Bass fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri, kò fi pa mọ́ rárá. Ó ní òun rí i pé ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun mọ̀ nípa òkú ò tó nǹkan, ló bá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì, ní 1981 ni òkú àkọ́kọ́ tí ẹbí fi tọrẹ wọ ibẹ̀.

Ní February 2013 wọ́n tún ṣe òmíì. Wọ́n gbẹ́ sàréè mẹ́rin, wọ́n sin òkú 6 pọ̀ sínú ọ̀kan, 3 sínú ìkejì, 1 sínú ìkẹta, wọn ò sin ẹnikẹ́ni sínú ìkẹrin, wọ́n kàn gbẹ́ ẹ wọ́n sì dí i padà ni, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òkú yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ṣọ́bìrì. Wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ oníná léésà àti àwòrán láti òkè wò ó fún bí ọdún mẹ́ta, bí ilẹ̀ ṣe ń rì, bí koríko orí ẹ̀ ṣe ń yàtọ̀. Torí ibi tí ogun ti pa àwọn èèyàn tí wọ́n kó wọn dà sínú kòtò ni, kí wọ́n lè máa wá irú sàréè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ kiri. Èyí wú mi lórí gan-an ni o, torí àwọn ìyá kan wà láyé yìí tí wọ́n ṣì ń wá ọmọ wọn.

Ọmọ_Aládùúrà:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ yọ ọwọ́ Ọlọ́run kúrò nínú gbogbo nǹkan? Èmi mọ ìyá kan ní ìjọ wa, nígbà tí wọ́n hú wọn, bí wọ́n ṣe sùn ni wọ́n ṣe wà, òórùn gan-an ò sí. Èkejì, Tennessee kọ́ ni Ọ̀dàn. Ibẹ̀ ń tutù, yìnyín ń bọ́, wọn ò ní ikán bíi tiwa. Ohun tí ilẹ̀ òyìnbó bá ṣe sí òyìnbó, ṣé ó di dandan kó ṣe é sí wa? Ẹ̀kẹta, òkú tí wọ́n ń gbé jù síta yẹn, ṣé wọn ò ní ẹbí ni?

Àǹtí_Tẹ́nẹ́sì:
Wọ́n ní ẹbí o. Òkú tí wọ́n jí kọ́, kì í sì í ṣe aláìní nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló fọwọ́ síwèé nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, òmíì ẹbí ló fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á fọ eegun, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí, ó ti lé ní 1,000 tó wà níbẹ̀. Èmi ò lè ṣe é ṣá, màmá mi á jáde wá láti ọ̀run wá bá mi jà.

Dókítà_Eegun:
Èkejì yẹn dáa, Ọmọ_Aládùúrà, ìbéèrè gidi ni, àwọn náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí tí Texas fi dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní San Marcos ní 2008 nìyẹn, ibẹ̀ gbóná, igún pọ̀, igún ò sì ní ìwà sùúrù kankan tó bá dọ̀rọ̀ òkú. Ọsirélíà ṣí tiwọn ní 2016, nítòsí Sydney, torí ilẹ̀ wọn ò jọ ti Amẹ́ríkà. Amsterdam náà bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ní tiwọn sísin ni wọ́n ń sin gbogbo òkú, wọn kì í tẹ́ ẹ síta. Kódà wọ́n ti fi èèyàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti ehoro wé ara wọn ní Tennessee, wọn ò jẹrà bákan náà, tèèyàn gan-an ló ń ṣe ségesège jù, òkú méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n má rìn pọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí mo lè tọ́ka àwọn ọmọ mi sí, ìwé àwọn ẹlòmíì là ń kà. Àmọ́ ooru, afẹ́fẹ́, omi, kòkòrò, àwọn mẹ́rin yẹn ò ní pásípọ́ọ̀tù. Tiwa gbóná, torí náà á yára ju tiwọn lọ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti wà, tí wọ́n bá sì fi sìmẹ́ǹtì dí afẹ́fẹ́ pa, kò sí bí kòkòrò ṣe fẹ́ jàǹfààní ooru yẹn.

Ti ìyá ìjọ yín, mi ò sí níbẹ̀, mi ò ní jiyàn ìgbàgbọ́. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni pé ṣé wọ́n gba fọ́máálíìn? Torí fọ́máálíìn ń pa bakitéríà, ó sì ń so ẹran ara pọ̀ kó má lè tètè fọ́. Mọ́ṣúárì tí bàbá Ọmọ_Ọ̀dàn pẹ́ sí, ẹ ò lè sọ pé kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Mo gbàgbé kóòtù. Tó bá jẹ́ poliẹ́sítà ni, ó máa pẹ́ gan-an kó tó jẹrà. Òwú ló ń tètè jẹrà.

Álífà_Kékeré:
Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo kàn fẹ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà ni, tiwa tá à ń lo pákó, tá a máa ń gbé òkú sí ẹ̀gbẹ́ sàréè kí erùpẹ̀ má bọ́ lé e lórí tààrà, àyè díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ṣé àyè yẹn ń dá òkú dúró ni àbí ó ń jẹ́ kó yá? Torí àwọn kan ń sọ pé pósí ló ń tọ́jú òkú.

Dókítà_Eegun:
Wa alaekumu salamu, Álífà. Ó ń jẹ́ kó yá ni. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Keith Mant, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì òun ló ń hú òkú ní Jámánì fún àwọn tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn ogun. Ó rí i pé àwọn tó wà nínú pósí pákó lásán tiẹ̀ máa ń yára ju àwọn tí wọ́n da erùpẹ̀ lé lórí tààrà lọ, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú pósí. Ó tún rí i pé nínú kòtò tí wọ́n kó òkú púpọ̀ sí, àwọn tó wà ní etí ló ń kọ́kọ́ lọ, àwọn tó wà láàárín ń dúró. Pósí nìkan kọ́, dídí i pa ni.

Ọmọ_Ọ̀dàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa fi kún ìmọ̀ yín. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Àwọn ọmọ bàbá dákẹ́, àwọn ọ̀tá bàbá náà dákẹ́, ẹni tó ń dá owó ètùtù nìkan ló ṣì ń kọ fóìsì nóòtì gígùn. Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí? Ṣé ká da láìmù yẹn lé e? Ṣé ká tún fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n níbi tuntun?

Dókítà_Eegun:
Ẹ má da láìmù o. Fíìmù ló kó yín sí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Eline Schotsmans, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Belgium, wọ́n da láìmù lé àwọn kan, wọn ò dà á lé àwọn kan, òmíì wà nínú ilẹ̀ fún oṣù 6, òmíì 17, òmíì 42. Àwọn tí wọ́n da láìmù lé lórí ló kọ́kọ́ pẹ́ jù kó tó jẹrà. Láìmù máa ń gan mọ́ òkú lára, kì í jẹ́ kí bakitéríà ráyè ṣiṣẹ́. Àwọn apààyàn tó ti ṣe é nítorí kí òkú lè pòórá, ńṣe ni wọ́n bá ọlọ́pàá tọ́jú ẹ̀rí.

Ẹ lọ sọ fún wolé-wolé lọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ má dá a ṣe. Kí àwọn tó máa gbé wọn wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i ná torí fọ́máálíìn tó bá kù, omi inú ẹ̀ kẹ́ ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Pósí pákó lásán ti tó, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù wé wọn. Ibi gíga ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ sí, tí omi kì í dúró, tó sì jìnnà sí kànga yín àti tàwọn aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo táìlì, òkè nìkan, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì mọ abẹ́ ẹ̀.

Ọmọ_Aládùúrà:
Táìlì lókè, tó bá rì ńkọ́? Ilẹ̀ ń rì tí pósí bá wó.

Dókítà_Eegun:
Ó ń rì, bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n ní sùúrù fún òjò ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n fi erùpẹ̀ dí i, kí wọ́n tó lẹ táìlì. Ẹni tí ò bá lè dúró, kó gbin òdòdó sí i.

Ọmọ_Ọ̀dàn:
Àwọn tó wà lókè òkun ti fi owó táìlì ránṣẹ́. Èmi ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de òjò. Ẹ bá mi gbàdúrà.